Nígbà Tí Má-jòókòó Sọ Balùwẹ̀ Wa Di Funfun

Òtẹ́ẹ̀lì ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Má-jòókòó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu débi pé èmi ọkọ rẹ̀ náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fìdí kalẹ̀. Bí a bá jẹun tán, kí n tó bu omi mu, ó ti ń nu tábìlì. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lánàá lè ti bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lónìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Nínú ilé tiwa, ẹni tó bá fojú àná wá àga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìdí rẹ̀ máa bá. Ìdí tèmi ti bá a rí.

Bóyá iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bóyá bó ṣe rí ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà, mi ò lè sọ. Òfin tí wọ́n fi kọ́ wọn ni pé àlejò tó bá wọ yàrá kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti sùn níbẹ̀ rí. Irun kan ṣoṣo nínú síǹkì, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ojú ìka lára dígí, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìyàwó mi mọ bí wọ́n ṣe ń nu àmì ènìyàn kúrò nínú yàrá, ó sì ń fi í yangàn.

Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ojú Bàbá ti ń ṣú. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, ká máa tọ́jú ìwọ̀nba tó kù. Wọn kò fọ́jú o. Bí ohun tó dúdú bá wà lára ohun tó funfun, wọ́n á rí i bí òjìji. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin, tó ń gbé níbi tó jìnnà sí wa gan-an, ní òun á gbé wọn lọ sọ́dọ̀ òun, òun á sì gba ẹni tí á máa mú wọn lọ́wọ́ káàkiri ilé. Bàbá kọ̀.

"Ibí ló wù mí," ni wọ́n wí fún wa. "Àmọ́ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní láti mú mi lọ́wọ́ dé balùwẹ̀, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ pe àbúrò yín kó wá gbé mi. Mi ò lè ṣe ìyẹn lójú ọmọ mi obìnrin."

Ẹ̀rù ba ìyàwó mi. Ó mọ̀ pé bí Bàbá bá lọ pẹ́nrẹ́n, ojú òun lè má kan tiwọn mọ́ láyé. Ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀ gan-an: "Gbogbo ayé ni mo ti tún yàrá ṣe fún. Mi ò tíì tọ́jú bàbá tèmi."

Bí ẹ̀rù bá ti ba Má-jòókòó, iṣẹ́ ló ń kù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ká sọ òótọ́, ibẹ̀ kò ṣeé fi han àlejò. Ọ̀dà ara ògiri ti dúdú bí ògiri ilé ìdáná, ó sì ń bó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kànrìnkàn Bàbá rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ omi, aṣọ ìnura wọn tó dúdú kirikiri sì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣé ibi tí bàbá mi á ti máa wẹ̀ nìyí?" ó ní. "Ṣé ohun tó yẹ wọ́n nìyí?"

Nígbà tí ọ̀rẹ́ Bàbá kan, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, wá mú wọn lọ sílé rẹ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìwé oníyanrìn ha ògiri, ó kùn ún ní funfun, ó tún un kùn. Télọ̀ ni mí, ó ní kí n rán kọ́tìnnì funfun, mo sì rán an. Ó so dígí roboto kọ́ sókè síǹkì, ó tẹ́ ìnusẹ̀ funfun, ó ká aṣọ ìnura funfun jọ bíi ti òtẹ́ẹ̀lì, ó da ọṣẹ olómi sínú ìgò, ó gbé òdòdó kékeré kan sójú fèrèsé. Á ṣe é tán, á sún sẹ́yìn, á wò ó, á tún padà wọlé lọ sún ìgò náà díẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì di èrò ẹ̀yìnkùlé. Ìṣó, ó fà á tu.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni mo wí. "Tiwa ò tiẹ̀ jó."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú èmi náà dùn, mi ò purọ́. Mo wọ ibẹ̀ lọ dúró láìní nǹkan kan í ṣe.

Bàbá dé. Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn fún wọn bí ẹni ń ṣí àpótí ẹ̀bùn. "Ẹ wò ó, Bàbá!"

Wọ́n yọjú wò ó. "Ó mọ́lẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. A ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ìgò jábọ́, ó fọ́.

"Bàbá!" ni mo ké.

"Ẹ má wọlé!"

Nígbà tí wọ́n jáde, ṣòkòtò wọn ti tutù. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ lé ògiri kọjá lára wa, wọ́n dé ẹnu yàrá wọn, wọn kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ pe àbúrò yín," ni wọ́n wí.

Àbúrò náà ní òun á dé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó mi kó ìgò tó fọ́, ó nu ilẹ̀, ó nu ibi tó ti nù. Ó bọ́ sí pálọ̀, ó ń gbé àga. Orí mi gbóná.

"Jókòó!" ni mo pariwo. "Má-jòókòó, jókòó!"

"Kí ni mo ṣe?" òun náà pariwo. "Ẹ sọ fún mi, kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

"Ṣé èmi ló yẹ kó o bi?"

Ó gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Bàbá ti pààrọ̀ aṣọ, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ mi, ó dáa," ni wọ́n wí kó tó la ẹnu. "Mo mọ̀ pé ó dáa. Mi ò rí i ni. Ògiri àtijọ́ yẹn dúdú, tọ́ílẹ́ẹ̀tì sì funfun, ojú mi ń mú un. Bí ẹsẹ̀ mi bá kan bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Bí mo ṣe wọlé lónìí, inú kùrukùru ni mo bọ́ sí. Mo nawọ́ títí, ọwọ́ mi ò bá nǹkan kan."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Kí n máa sọ fún ọmọ mi bí mo ṣe ń wá ibi tí màá jókòó sí?"

Gbogbo ohun tí Bàbá fi ń rìn nínú ilé yìí, ìyàwó mi ti kó dànù bí ìgbà tí àlejò òtẹ́ẹ̀lì bá ti san owó rẹ̀, tó sì ti lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó sunkún dáadáa, ó fi etí aṣọ nu imú.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Èmi á kàn ṣe é ni."

Láti ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dà kíkùn ni mo ń sọ. Sùúrù ni. Bàbá á dúró láàárín balùwẹ̀, wọ́n á ronú, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á tún ronú. Ìyàwó mi á wà lẹ́yìn wọn, ìka rẹ̀ á máa jó. Ó fẹ́ di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, ó fọwọ́ bọ àpò. Wọ́n ní kó fi ọ̀dà dúdú kun ògiri tó wà lẹ́yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó kùn ún. A ra ìjókòó dúdú sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, nítorí ó máa hàn sí wọn lára funfun tọ́ílẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá bojú wolẹ̀. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo sì rán kọ́tìnnì pupa rúsúrúsú. Ìnusẹ̀, wọ́n ní ká gbé e kúrò kó má fi àgbàlagbà ṣeré.

"Dígí ńkọ́, Bàbá?" ni mo bi wọ́n.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ rí ibi tẹ́ ẹ ti ń rí ojú burúkú yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ wọn kò sọ pé kí àbúrò má wá mọ́, a ò sì láyà láti bi wọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé, àbúrò pè pé òun ti wà lójú ọ̀nà. Bí ìyàwó mi ṣe gbé fóònù kalẹ̀, Bàbá dìde, wọ́n lọ sí balùwẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi yọ́ tẹ̀ lé wọn, ó fi etí lé ilẹ̀kùn. Èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tún wà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Lẹ́yìn náà ni omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì ya wálẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí ìṣòro?" ó ní, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀.

"Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló ń dá mi lóhùn yìí?" Ẹ̀rọ omi ń dún, wọ́n ń fọ ọwọ́. "Kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, jàre. Kó o sì tẹ àbúrò ẹ láago, kó ṣẹ́rí padà kó tó jìnnà jù."

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Omi ti kún ojú rẹ̀ bámúbámú.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní. Wọ́n ní ilẹ̀kùn mi."