Luzmila àti Pòtétò Amúyàwósunkún

Àgùntàn abo kan àti owó sól méjìlá ni Melchora Ttito kó sílẹ̀ fún pòtétò mẹ́fà, ní ọjọ́ Túsìdeé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọdún 2016. Àgùntàn ọ̀hún sì lóyún. Ẹ̀gbẹ́ kejì òkè ló ti lọ rà wọ́n, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Brígida, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí abúlé wa ní Chillkapampa. Nígbà tó dé, ó tú ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, ó tò wọ́n sórí awọ ní àgbàlá. Fortunato ọkọ rẹ̀ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́fà?"

"Mẹ́fà ni."

"Àgùntàn tó lóyún?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí ọmọ mi gbéyàwó, ká wá fún ìyàwó ní pòtétò ọjà bó?"

Irú pòtétò yìí la ń pè ní Amúyàwósunkún. Ó dúdú, ó rí kókó-kòkò bí ìka àgbà tó ti ṣiṣẹ́ oko pẹ́, ojú rẹ̀ sì jìn. Bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, ìyá ọkọ á gbé ẹyọ kan lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ, níṣojú gbogbo obìnrin. Tó bá bó o tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé, ilé ti gbà á nìyẹn. Tó bá bó o nípọn, a jẹ́ pé onínàákúnàá obìnrin ni, wọ́n á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí yóò fi bímọ kejì.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ̀yìn ilé la ti ń gbìn ín. Kò sí ilé tí kò ní apẹ̀rẹ̀ kan, méjì. Tí a bá jí láàárọ̀, yìnyín orí òkè Qolqe á ti máa tàn wá lójú, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọgbà ẹran òkè wà lónìí. Òtútù ìgbà yẹn le o, ṣùgbọ́n òun náà ló ń bá wa pa kòkòrò. Tó bá di oṣù kẹfà, a ó tẹ́ pòtétò sí pápá kí òtútù mú un gan, ilẹ̀ á mọ́, gbogbo wa á bọ́ bàtà, bàbá àgbà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú ẹ̀ jáde kó lè gbẹ. Orin ni a máa ń kọ sí i. Bí yìnyín inú pòtétò ṣe ń fọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, mi ò tíì gbàgbé ìró ẹ̀.

Ooru dé díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọjọ́ báyìí ló dé. Yìnyín ń sá sẹ́yìn, kòkòrò ń gòkè. Àrùn tó ń sun ewé pòtétò, tí a máa ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀ láti àwọn abúlé ìsàlẹ̀, òun náà gòkè wá bá wa. A gbé Amúyàwósunkún kúrò lẹ́yìn ilé lọ sí oko ẹ̀gbẹ́ òkè. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, a gbé e lọ sí ìdí àpáta. Lẹ́yìn àpáta, òkúta ló kù, àti ojú ọ̀run. Bó ṣe ń tán nílé kan ló ń tán níkejì. Ti Melchora ló tán gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún ju ikú ẹran lọ, torí ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi irúgbìn yẹn lé e lọ́wọ́, ìyá ọkọ tìyẹn ló sì fi lé ìyẹn náà lọ́wọ́.

Ìdí tó fi fa àgùntàn lọ sí ẹ̀yìn òkè nìyẹn.

"Gbin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà," Fortunato sọ fún un. "Wá pòtétò míì fún ọmọbìnrin yẹn."

"Kí wọ́n wá sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni ìyàwó mi gbà wọlé? Márùn-ún ni màá gbìn. Ẹyọ kan tiẹ̀ ni."

Luzmila Chura ni ìyàwó náà ń jẹ́, ọmọ Pukara, abúlé tí ilẹ̀ wọn kéré, tí ẹran wọn kò pọ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ àwọn mẹ́rin dàgbà. Luzmila kúrú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín á fọwọ́ bo ẹnu.

Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ni ìgbéyàwó. Àwọn obìnrin jókòó yíká ní àgbàlá pẹ̀lú ife ọtí àgbàdo. Melchora gbé pòtétò àti ọ̀bẹ lé Luzmila lọ́wọ́. Luzmila yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìyá, mélòó ló kù nínú irú èyí?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Kò tíì bó ọ̀kan, ó ń bèèrè ìyókù," Eudocia sọ. Eudocia yìí ni ẹ̀gbọ́n Fortunato, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ.

"Ó ku márùn-ún," Melchora dáhùn. "Ó yá, bó o."

Luzmila wo ọ̀bẹ títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń bó o nípọn, ó ń nípọn sí i. Tó bá kan ojú pòtétò, á tún ki ọ̀bẹ wọlé dáadáa, á gé e tẹran-tẹran.

"Ìyàwó, ṣé ò ń bó o ni àbí ò ń gbẹ́ ṣíbí?" Eudocia bi í.

Ẹlòmíì sọ pé, "Efraín, ebi á pa ọ́. Èèpo ni wàá máa jẹ nílé rẹ."

Efraín, ọkọ ìyàwó, ń wo bàtà ara rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú Luzmila, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tó parí, ohun tó kù kò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ. Melchora gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Àgùntàn mi," ó ní.

Luzmila kó gbogbo èèpo sínú aṣọ rẹ̀, ó gbé e wọlé.

"Ẹ wò ó, ó tún ń kó pàǹtí dání," Eudocia sọ.

Látọjọ́ náà, Agbẹ́ṣíbí ni wọ́n ń pè é. Oṣù márùn-ún gbáko, Melchora kò jẹ́ kó mú ọ̀bẹ ní ilé ìdáná. Omi ló ń rán an, ẹran ló ń ní kó dà. Luzmila ń lọ, ó ń bọ̀, kò bínú sẹ́nì kankan.

Ìparí oṣù kẹwàá ni Melchora gbin márùn-ún tirẹ̀ sí ìdí àpáta. Wọ́n hù dáadáa. Oṣù kìíní, oòrùn mú, òjò tún tẹ̀ lé e, ó wá móoru bí inú ìkòkò. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ewé dúdú. Nígbà tí Melchora wú wọn, omi tó ń rùn ló bá nídìí wọn. Ó jókòó sétí oko, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Ọwọ́ gbogbo àwọn tó ṣáájú mi ló kọjá, kò bà jẹ́," ó ń sọ fún Fortunato. "Ọwọ́ tèmi ló wá tán sí."

Luzmila ló gbé omi wá bá wọn lóko lọ́jọ́ yẹn. Ó lóṣòó ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fún un.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọgbà ẹran òkè."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Wọ́n gòkè kọjá àpáta. Kò sẹ́ni tó ń dáko níbẹ̀, torí òkúta ni gbogbo ibẹ̀, àfi ìgbẹ́ lámà, ẹran ọ̀sìn wa, tó ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ògiri ọgbà, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́, pòtétò mẹ́sàn-án dúró, wọ́n ti yọ òdòdó. Erùpẹ̀ ìdí wọn kì í ṣe ti ibẹ̀. Ó hàn pé ẹnìkan ló pọ̀n ọ́n gòkè.

Melchora wo ewé wọn, ó fọwọ́ kan òdòdó. "Níbo lo ti rí irúgbìn?"

"Èyí tí ẹ ní kí n bó ni. Ojú mọ́kànlá ló ní. Mo yí èèpo ẹ̀ ní eérú, mo fi sínú ìkòkò fífọ́ títí ó fi yọ ọ̀mùnú. Méjì kú."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ebi ni, Ìyá. Nílé wa, ara pòtétò là ń jẹ, a kì í jẹ ojú ẹ̀. Ojú ẹ̀, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ni."

"O wá jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní Agbẹ́ṣíbí. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, tí kò wá hù ńkọ́? Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín àkọ́kọ́ tán."

Melchora yọ ewé kóka mẹ́ta nínú àpò, ó kì wọ́n bọ ilẹ̀ fún Ilẹ̀ Ìyá wa. Ó ní, "O gbìn wọ́n súnmọ́ra jù."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"O kú iṣẹ́. Lọ mú ọkọ́ wá."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ló jọ ń gòkè. Ọ̀bẹ ilé ìdáná sì padà sọ́wọ́ Luzmila. Melchora ti kú báyìí, ṣùgbọ́n tí mo bá gbójú sókè sí ọgbà yẹn láàárọ̀, fìlà méjì tí mo máa ń rí lẹ́yìn ògiri, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ni wọ́n wú pòtétò náà. Mẹ́tàlélógójì ni, kéékèèké ló pọ̀ nínú wọn. Eudocia gòkè wá fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọgbà.

"Agbẹ́ṣíbí, gbẹ́ díẹ̀ fún èmi náà."

"Kò burú, Ìyá. Ẹ mú mẹ́rin," Luzmila dá a lóhùn.

Ní Chillkapampa, ẹni tó bá gba irúgbìn lọ́wọ́ ẹlòmíì, méjì ló ń dá padà fún ẹyọ kan, kí ìgbà gbígbìn tó ń bọ̀ tó dé. Melchora sọ pé òun kò yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan, pé kí ìyàwó bó o lòun ṣe fún un. Luzmila ní kò sí èyí tó kan òun níbẹ̀, òun gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá ọkọ òun, ó sì ṣojú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ Fúráìdeé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, ọdún 2017, kí oòrùn tó kan àgbàlá, ó kúnlẹ̀, ó gbé Amúyàwósunkún méjì, àwọn tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.