Òrí Lójú Omi

Ọyẹ́ ti la gìgísẹ̀ mi. Bí mo ṣe ṣí ike òrí láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Minna, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ojú ń tì mí tẹ́lẹ̀, nítorí n kò tíì bọ́ra níwájú èrò rí. Ìyá mi tún ti fi òrí pa mí lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí omi má baà sọ ara mi di funfun. Bí mo ṣe wọ inú omi, ọ̀rá léfòó, ó ń dán yí mi ká.

Ọmọkùnrin kan pariwo ní Hausa: "Kai, ku fito! Ta mayar da ruwan miya!" Ó ní kí àwọn ọmọ tó kù nínú omi jáde, mo ti sọ omi di ọbẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gòkè. Ó wá ku èmi nìkan, omi mù mí dé àyà.

Nílé, ìyá mi kì í dá mi lóhùn bí mo bá sọ Hausa, mo sì rò pé kò gbọ́ ọ ni. Lọ́jọ́ náà, ó dìde lórí àga tó wà létí omi.

"Wọ́n ti yẹra fún ẹ, ọmọ mi. Ó yá, na ọwọ́ ẹ."

Mo dúpẹ́ pé kò mọ ohun tí wọ́n wí. Kó má baà fura, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì na ọwọ́. Omi gbé mi. Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́ létí omi. Kò sẹ́ni tó padà wọ inú omi.

Ó di ìgbà tí mo dàgbà kí n tó gbọ́ ìyá mi lọ́jà, tó ń fi Hausa tó já geere ná iṣu.