Alimata Zerbo, Ẹni Tó Ná Ọjà Ọ̀fẹ́

Ọjọ́ tí Alimata Zerbo gba ilẹ̀ etídò, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ọkọ́ wọ oko Noraogo Sawadogo, ó ń kọ ebè àlùbọ́sà lọ ní tirẹ̀. Noraogo sáré dé tòun ti igi lọ́wọ́.

"Ta ló ní kí o wọbí?"

"Ẹrú mi ni ọ́. Ìgbà wo lẹrú di onílẹ̀? Lọ pọnmi wá fún mi jàre."

Ẹ̀yà Samo ni Alimata, ẹ̀yà Mosi ni Noraogo. Láyé àwọn baba ńlá ni Samo àti Mosi ti mulẹ̀ pé àwọn á máa fi ara àwọn ṣẹ̀fẹ̀, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn obìnrin abúlé wa ti ń tọrọ ilẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ nìkan lomi kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kò sọ́kùnrin tó dá wọn lóhùn. Noraogo wo igi ọwọ́ rẹ̀, ó wo àwọn tó ti ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ajá lẹ̀yin Samo mọ̀ ọ́n jẹ. Kí lẹ mọ̀ nípa àlùbọ́sà?" Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó lọ pọnmi wá.

Bí àwọn obìnrin yòókù ṣe rọ́ tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀ nìyẹn, tí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fi ń wà fún àwọn ọmọ wa nígbà tí àká bá ṣófo.

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin kan láti àjọ tó ń ran àwọn àgbẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ gbé irúgbìn kábéèjì wá.

"Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Mama."

"Ó ti wọ́n jù. Ènì ńkọ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Alimata dá irúgbìn padà fún un, ó kẹ́yìn sí i, ó ń lọ. Ọmọ náà pè é padà. Ènì tó gbà ni wáyà tí wọ́n fi yí ọgbà náà ká, tí ewúrẹ́ ò fi ráyè wọ ibẹ̀ mọ́. Ó tiẹ̀ ná àdúrà lọ́wọ́ lèmọ́mù rí, pé kó gé e kúrú, oòrùn ń pa kábéèjì òun.

Ìgbẹ́ màlúù tí àwọn obìnrin ń rù síbẹ̀ lọ́dọọdún sọ ilẹ̀ náà di ilẹ̀ ọlọ́ràá, ojú àwọn ọmọ Noraogo sì wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ ni Alimata fi gbà á. Ọjọ́ tó bá kú, ẹ̀fẹ̀ parí.

Alimata sì kú lóòótọ́, nígbà ọyẹ́, àlùbọ́sà ò tíì gbó. Lẹ́bàá sàréè, àwọn obìnrin ń sunkún ìyá wọn, wọ́n sì ń sunkún ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ òkú kalẹ̀, Noraogo, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, bọ́ sínú sàréè, ó nà gbalaja. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí a bá jọ ń ṣẹ̀fẹ̀ lè dí wa lọ́nà ọ̀run.

"Kò ní wọlé! Ẹrú tó ń sá lọ láìgbàṣẹ! Ta ló wá máa bú mi báyìí?"

Ẹ̀rín sọ láàárín ẹkún. Àkọ́bí Noraogo bẹ̀rẹ̀ sétí sàréè.

"Baba, ẹ gba ilẹ̀ wa padà."

Noraogo ò tiẹ̀ dìde ńlẹ̀.

"Ilẹ̀ wo? Ó ti ń gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó wọlé síbí, kó bá a ná an!"

Kò sẹ́ni tó wọlé nínú wọn. Wọ́n fa bàbá náà jáde. Ó fẹ́ pè é lẹ́rú lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n "Alimata" ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì gbà á. Àwọn obìnrin ló dì í mú délé, kí wọ́n tó lọ bomi rin àlùbọ́sà wọn.