Lẹ́tà tí Ràfíátù Fi Sílẹ̀ ní Cadjèhoun

Ràfíátù kò ṣe fọ́tòkópì lẹ́tà náà. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní Fidjrossè, àdúgbò tó ń gbé ní Kútọnu, ń sọ pé ilé ẹjọ́ ló dá a lẹ́bi. Irọ́ ni, kò tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́.

Aránṣọ ni, ọmọ Ṣakété. Ó ra maṣíìnì tuntun mẹ́fà lọ́wọ́ Oyèníkẹ́, oníṣòwò kan ní Èkó, láti fi rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé kan. Tòkunbọ̀ ni Oyèníkẹ́ kó ránṣẹ́. Mẹ́rin nínú wọn kò ṣiṣẹ́ rárá. Nígbà tí Ràfíátù pè é, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun yóò pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ìwé àdéhùn wọn sọ pé ilé ẹjọ́ Èkó ni kí wọ́n gbé ìjà lọ. Ràfíátù kò mọ lọ́yà kankan níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wá fẹnu kò sí Àlàájì Mùtíù, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ olóògbé bàbá Ràfíátù, pé kó bá àwọn làjà. Ràfíátù gbé lẹ́tà náà lọ sílé Àlàájì ní Cadjèhoun, ní Kútọnu náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sáré ṣe fọ́tòkópì rẹ̀."

"Èmi tí mo fi oyin sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ? Ṣé olè ni mo wá dà?"

Ojú tì í. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà ìwé kó tó fi lé irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ti bú u ni. Ó kúnlẹ̀, ó fi lẹ́tà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Oyèníkẹ́ wà lórí fóònù. Ràfíátù ní kí Àlàájì ka lẹ́tà.

"Lẹ́tà wo?" ni Àlàájì bi í.

Oyèníkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Ràfíátù, bóyá ojú àlá lẹ ti rí i."

Àlàájì ní kí Ràfíátù máa lo ohun tó gbà. Onílàjà kì í dájọ́, ṣùgbọ́n ó dá a.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ràfíátù tún lọ bẹ Àlàájì. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já maṣíìnì tuntun sínú ilé rẹ̀, orúkọ Oyèníkẹ́ lára páálí. Àlàájì ti di aṣojú rẹ̀ ní Kútọnu.

"Ọmọ mi, òwò ni," ni Àlàájì wí. "Má fi ti bàbá rẹ sí i."

"Ẹ̀yin lẹ fi í sí i, Bàbá."

Ó lọ sí ilé iṣẹ́ onílàjà kan nígboro. Hàwáù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Àǹtí, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ará Èkó yẹn ò ní gbà láti jókòó mọ́, a ò sì lè fi tipá mú un. Lẹ́tà yẹn ì bá ràn yín lọ́wọ́."

Ilé ìwé gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ràfíátù kó kúrò ní Fidjrossè. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ó wà ní Ekpè, lẹ́yìn odi Kútọnu, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ṣàkírátù, ó ń tún aṣọ ṣe lẹ́bàá títì.