Ìṣẹ́jú Méjì fún Bọ́ọ̀sì Aago Mẹ́fà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, kò tíì pẹ́ tí a yọ ìbòmú àrùn kòrónà kúrò lójú ní Dallas, ìyàwó mi sì ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí nípa ìjà àwa olùkọ́ lè mọ irú ipò tí mo wà. Mo ń dá gbé nínú àpátímẹ́ǹtì oníyàrá kan ní Lancaster. Àwọn ọmọ mi wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, iléèwé nìkan ni mo ní.

Iléèwé girama ńlá ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ láti máa kọ́ wọn ní ìṣirò, ilé méjì péré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú pápá kan tí koríko rẹ̀ ti gbẹ. Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé àwọn yàrá onípákó wá sẹ́yìn ilé nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀ jù. Ojú mi náà ni wọ́n ṣe kó wọn kúrò, tí wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irun ṣíṣe, ibi orin, ibi oúnjẹ sísè, àti yàrá kan tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì ọsibítù sí fún àwọn tó ń kọ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ọmọ tí ìwé yé àti ọmọ tí ìwé ò yé, ọmọ onílé àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ láti òkè òkun, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀.

Bí aago bá dún báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á kún fọ́fọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fún wọn láti ti yàrá kan dé òmíràn, iṣẹ́ tèmi sì ni láti dúró lórí àtẹ̀gùn kejì, kí n máa sọ fún wọn pé kí wọ́n gba apá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pín oúnjẹ ọ̀sán sí nítorí pé yàrá ìjẹun ò gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àkọ́kọ́ máa ń jẹun nígbà tí ebi ò tíì pa wọ́n, àwọn ìkẹta á sì ti máa kanra mọ́ gbogbo wa kó tó kàn wọ́n. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ṣíwọ́, bọ́ọ̀sì á sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo máa ń dúró de aago mẹ́fà. Òun ló ń gbé àwọn tó bá dúró fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ sílé.

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú àwọn tó ń wọ̀ ọ́, Ròdíyà lorúkọ rẹ̀. Balch Springs ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ́nà Euless, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán di alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lancaster, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè wá gbé e. Ìtọ́jú aláìsàn ló ń kọ́. Lẹ́yìn tí iléèwé bá ṣíwọ́ ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ ṣe é, ẹni tí wákàtí rẹ̀ ò bá sì pé kò ní jókòó fún ìdánwò. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn bẹ̀ mí pé kí n wá jókòó kí àwọn ọmọ fi mí kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ròdíyà de okùn ẹ̀rọ náà mọ́ mi lápá, ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ó tún wò mí.

"Sir, it's high o. Ẹ ò kì í sinmi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé inú mọ́tò, mo sunkún. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó tíì bi mí bóyá mo ń sinmi.

Nígbà tó yá ni a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn iléèwé fẹ́ mú bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà kúrò. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń wọ̀ ọ́ kò pọ̀ tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ní Ìbàdàn, inú ẹgbẹ́ olùkọ́ ni mo ti gbó. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí a jókòó sílé, a ó jókòó sílé, a ó máa mu gààrí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ yọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin Texas ò gba olùkọ́ ìjọba láyè láti daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kí èèyàn forúkọ sílẹ̀, kó lọ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní ìpàdé wọn. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé ìwé kalẹ̀ nínú yàrá olùkọ́ kí àwọn tó máa bá mi lọ kọ orúkọ sí i. Orúkọ kún iwájú rẹ̀, ó kún ẹ̀yìn. Inú mi dùn, ó dà bíi pé mo ti padà sílé. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù dúró sẹ́yìn mi, nítorí pé mo ti ṣe é rí. Fọlákẹ́, ọmọ Ọ̀ṣogbo tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, wá bá mi ní yàrá mi lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wọn o."

"Kí n má kí ta ni?"

"Board. It's just two minutes. Ẹ kàn sọ ti Ròdíyà, ẹ sọ ti bọ́ọ̀sì, ẹ jókòó."

"Kí n dúró níwájú àgbàlagbà mẹ́sàn-án, kí n máa sọ̀rọ̀ láìkí wọn? Ilé ta ni wọ́n ti tọ́ ẹ?"

"Irú ilé yín náà ni, sà. Ṣùgbọ́n aago wọn ò mọ ilé wa."

Mo ní kó lọ. Mo ti ń bá kọmíṣọ́nnà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bí i.

Aago mẹ́fà ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀, àkókò tí bọ́ọ̀sì náà ń kúrò níléèwé gan-an. Àwọn òbí wà níbi iṣẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó kọ orúkọ síwájú ìwé àti sẹ́yìn rẹ̀, Fọlákẹ́ nìkan ló wá, kò sì lè sọ̀rọ̀ nítorí pé ọwọ́ iléèwé ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ lé e padà sílé. Mo wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi pe orúkọ mi.

Mo tún fìlà mi ṣe, mo lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo kí obìnrin tó jẹ́ alága. Mo kí àwọn mẹ́jọ tó kù, mo pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé mo ti há a sórí. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, mo bá a kẹ́dùn. Mo kí àwọn òbí, àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá. Mo dúpẹ́ fún ilé alájà mẹ́ta, mo sọ bí pápá náà ṣe rí nígbà tí mo débẹ̀. Mo rí nọ́ńbà pupa tó ń ka ìṣẹ́jú mi lórí ògiri o. Ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n nínú ara mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé ẹni tí mo kí dáadáa kò ní lé mi. Mo wá ní, "Now, about the six o'clock bus," aago sì dún.

Wọ́n pa ẹ̀rọ. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Thank you, sir. Those were such kind words."

Nílé, ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ì bá ti pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Àga tó ṣófo ni mo rí, àti Fọlákẹ́ tó ń wo bàtà rẹ̀. Kí n tó dé ibi ìjókòó mi, wọ́n ti dìbò. Wọ́n mú bọ́ọ̀sì náà kúrò.

Èyí tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ìpàdé jáde, ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ mi ni pé olùkọ́ kan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ọ̀gá iléèwé fi ìwé ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́. Àwọn tí kò wá ló wá ń wò mí bí ọ̀dàlẹ̀. Bí mo bá wọ yàrá olùkọ́, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú yàrá mi, pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé. Lórí àtẹ̀gùn kejì, gbogbo iléèwé ń gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹjọ lóòjọ́, mo sì dá wà láàárín wọn. Inú bí mi sí wọn. Lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí mi sí ara mi, ìyẹn ló sì pẹ́ jù.

Wákàtí Ròdíyà ò pé. Wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì mìíràn, kò sì jókòó fún ìdánwò. Kò bínú sí mi. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárín èrò, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa kùn, á ní, "Ẹ káàsán, sà." Mo máa ń wo ibòmíràn.

Ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo ń rọ epo sínú mọ́tò ní Lancaster. Ẹnì kan kí mi lẹ́yìn. Ròdíyà ni, ó wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ń tàn yòò tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí máa ń wọ̀. Ibi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ lòun náà wà. A sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá ní:

"Sir, that day, at the board. Kí lẹ fẹ́ sọ gan-an?"

Mo di ọwọ́ ẹ̀rọ epo mú, mo sọ ọ́ fún un. Mo ní ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Ròdíyà. Mo ní ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tu èèyàn lára. Mo ní kò sẹ́ni tó lè wá gbé e, àfi bọ́ọ̀sì yìí, bí ẹ bá sì mú un kúrò, ọmọ náà lẹ mú kúrò. Ó parí. Epo mi ò tíì kún.

"That's it?"

"Òun náà nìyẹn."

"It was good, sir. Ẹ ì bá ti sọ ọ́." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń pẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó ti rìn díẹ̀, ó yíjú padà. "Ṣé ẹ ti ń sinmi báyìí?"

Mo purọ́ fún un pé mo ti ń sinmi.

Ẹ bi mí pé kí la jèrè. Fọlákẹ́ lọ sí iléèwé mìíràn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ tiwọn náà kúrò, ó sọ ìtàn mi fún àwọn olùkọ́ ibẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì lọ sọ̀rọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀sì tiwọn ṣì ń rìn. Ó pè mí láti sọ ọ́ fún mi, mo sì yọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni àpẹẹrẹ ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe. Ní tiwa, ẹ̀yìn aago mẹ́rin, ilé alájà mẹ́ta yẹn máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn bẹ́ẹ̀dì á wà níbẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lórí wọn. Èmi ni mo jẹ Ròdíyà ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn, n kò sì jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta epo. Níwájú ìgbìmọ̀ ni mo jẹ ẹ́.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. N ò gbé ìwé kankan kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ sí, èmi nìkan ni mo ń lọ. Orúkọ ọmọ náà ni mo máa kọ́kọ́ dá. Tí àkókò bá ṣẹ́kù, mo máa wá kí wọn.