Kóòtù Tó Dá Dúró

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó bẹ́! Kóòtù funfun kan dá dúró láàárín yàrá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀, kò sí igi, kò sí okùn. Ọmọbìnrin tó ni ín ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà.

Nọ́ọ̀sì Wa ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà látọjọ́ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ kò tíì di nọ́ọ̀sì rárá. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀, alágbàfọ̀ ni bàbá rẹ̀, ìyá àgbà tó bí bàbá rẹ̀ ló sì dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìdọ̀tí aṣọ aláṣọ ni wọ́n fi rán an nílé ìwé dé ibi tó dé. Àárọ̀ yìí gan-an ló fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àṣekágbá, níwájú aláìsàn tó ń mí. Ẹni tó bá kùnà, ó di kó tún ọdún náà kà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kóòtù rẹ̀ kò bá sì mọ́ tónítóní, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé rárá. Kóòtù kan ṣoṣo ló ní láyé.

Àṣà kan wà nílé àwọn alágbàfọ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá ń lọ síbi tó ṣe pàtàkì, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ fi sítáàṣì sí aṣọ náà. Wọn kì í pe ara wọn ní olólùfẹ́ níbẹ̀ o. Ẹnu wọn le bí ojú áyọ́ọ̀nù, sítáàṣì ni wọ́n fi ń sọ tọkàn wọn.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rì kóòtù náà bọ sítáàṣì lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, ó sá a, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá dé látibi tó ti lọ kó aṣọ fún àwọn oníbàárà, ó rí kóòtù tó ṣì tutù lórí okùn, ó rò pé omi lásán ni wọ́n fi ṣàn án. Ó ní, "Ìyàwó mi ti gbàgbé!" Ó ká a, òun náà rì í bọ sítáàṣì, ó sì dá a padà. Kò pẹ́ ni ìyá àgbà jí lójú oorun ọ̀sán. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣe!

"Ta ló fi sítáàṣì sí kóòtù mi?" ni Nọ́ọ̀sì Wa bi wọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

"Èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìwọ bí i ti báwo? Èmi ni!" ni bàbá fèsì.

Ìyá àgbà wúkọ́. "Ẹ má parọ́ mọ́ mi lójú ara mi. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo kóòtù. Bàbá ká ọwọ́ lérí. "Yéè! A ti rọ ẹ̀wù irin fún ọmọ wa!"

Ìyá fẹ́ sáré tún un fọ̀, ṣùgbọ́n àkókò ti lọ, kóòtù tútù kò sì ṣeé wọ̀ lọ síwájú olùdánwò. Báyìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ti ọmọ náà sínú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà gbọnrangandan sí iwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa onítọ̀hún, síbẹ̀ ó fi gbogbo agbára bá a tẹ ìgbọ̀nwọ́ kóòtù náà títí tí ó fi gbà díẹ̀.

Obìnrin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Má-Ṣàwàdà ni olùdánwò. Ó wo kóòtù náà látòkè délẹ̀, kò rí àbààwọ́n kankan, ó ní kó wọlé. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Wa ni kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá náà, kó sọ iye tó jẹ́, kí olùdánwò tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ó di ìgbànú ẹ̀rọ mọ́ apá bàbá, ó ki ohun èlò ìgbọ́ràn bọ etí, ó bẹ̀rẹ̀. Kí ló gbọ́? Kàrà-kàrà! Kóòtù ni! Bó bá mí, kóòtù pariwo. Bó bá tẹ̀, kóòtù pariwo. Kò gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ bàbá rárá.

Ó lè kàn méfò iye kan, kó gbàdúrà kó bá a mu. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ronú kan àwọn mẹ́ta tó wà nílé, ó sì yọ ohun èlò náà létí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kóòtù mi ló ń pariwo."

"Ta ló sọ ọ́ di pákó báyìí?"

"Ìyá mi ni mà. Àti bàbá mi. Àti ìyá mi àgbà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ò mọ̀ pé èkejì ti ṣe é. Wọ́n fẹ́ràn mi ni mà." Bó ṣe sọ ọ́ jáde lẹ́nu báyìí ni omi lé ròrò sí i lójú. Kò tíì sọ ọ́ rí!

Bàbá arúgbó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ṣá dúró gbọnin, ọmọ mi. Má tẹ̀ mọ́. Èmi ni n ó sún mọ́ ọ." Ó sún wá sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé apá rẹ̀ sókè wá bá a. Nọ́ọ̀sì Wa dúró bí òpó, ó sé èémí, ó sì gbọ́ ọ: kì, kì, kì! Ó sọ iye tó rí. Má-Ṣàwàdà wọ̀n ọ́n, iye kan náà ni!

"O yege," ni Má-Ṣàwàdà wí. "Ẹni tí kò gbọ́ tó sì sọ pé òun ò gbọ́, mo lè fi aláìsàn sílẹ̀ fún un."

Áà, ẹ wá wo eré! Ọmọ náà sáré wọ àdúgbò, ó ń pariwo, "Mo yege o! Mo yege!" Ó kúnlẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú ọpọ́n ìfọṣọ, ó ní, "Mo fẹ́ràn yín. Ẹ ṣeun." Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu imú. Ìyá àgbà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kó ṣáà tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ kó gba kóòtù tí òógùn ti rin, kó tètè rẹ ẹ́. Ọmọ náà dì í mú mọ́ àyà. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí aṣọ tó dọ̀tí sùn sílé rẹ̀ mọ́jú yìí wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì fi kóòtù náà sílẹ̀ fún un.