Àpòòwé Tísà Ọládipúpọ̀ Nínú Àwo Ìkórè

Bí ìkórè bá ti ń sún mọ́lé ní Òsí, kò sí bí a ò ṣe ní rántí ọjọ́ tí olóògbé Tísà Ọládipúpọ̀ fò dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń sáré tẹ̀ lé àwo ọrẹ. Owó kọ́ ló ń lé. Susanna ìyàwó rẹ̀ ló mú àpòòwé kan lórí tábìlì, tó di ọrẹ sínú rẹ̀ láìwo iwájú wo ẹ̀yìn.

Àpòòwé Tísà kì í ṣe àpòòwé lásán. Bí ìjọba bá gbé sítáǹpù tuntun jáde, ọjọ́ náà gan-an ni Tísà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpòòwé, tí pósófíìsì á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà lé e. Bó bá ti di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lù ú, kò níyì mọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ joyè ní Kórò, Tísà ò yọjú. Wọ́n bi í, ó ní, “Lọ́la, á ṣì jẹ́ olóyè. Òǹtẹ̀ tòní ò sí lọ́la.”

“Ẹ mú owó, kẹ́ ẹ fún mi ní àpòòwé mi,” Tísà bẹ Alùfáà Akọ́ládé lọ́jọ́ ìkórè náà.

“Tísà, ohun tó ti dé iwájú pẹpẹ, a kì í gbà á padà. Àfi kí ẹ rà á ní gbàǹjo.”

Wọ́n kó o mọ́ àgbébọ̀ adìẹ àti ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ lu ní gbàǹjo. Nígbà tó kàn án, Tísà ní, “Apẹ̀rẹ̀ uṣu kan.” Kò sẹ́ni tó fi kún un. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bà á lẹ́rù.

“Apẹ̀rẹ̀ méjì.” Ó wo ẹ̀yìn. “Mo fi òbúkọ kún un.”

Alùfáà ní, “Tísà, ta lẹ ń bá du ú?”

Tísà nu òógùn ojú. “Ẹ ò mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn yìí.”

Nígbà tí wọ́n gbé e fún Tísà tán, Susanna fi ìbínú gba àpòòwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Sítáǹpù FESTAC, ọdún 1977. Orúkọ Susanna gan-an ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé bàbá rẹ̀ ní Erúkù. Àpòòwé lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Tísà kọ sí i ni.

“Bàbá Bólúwatifẹ́, ṣé torí èyí ni òbúkọ ulé wa ṣe lọ?”

“Ọ̀kan ṣoṣo la ní ni. Ǹ bá fi méjì kún un.”

Lọ́dún tó kọjá, Tísà sùn. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Susanna wọkọ̀ lọ sí pósófíìsì. Hussainat, akọ̀wé ibẹ̀ tó mọ Tísà dáadáa, wo àpòòwé tó mú wá. Orúkọ Tísà ló wà níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

“Màmá, níbo la fẹ́ gbé e lọ?”

“Ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Ẹ lu òǹtẹ̀ tòní sí i fún mi. Òní ni ọjọ́ kìíní tí mo dá jí nínú ulé wa.”

Hussainat rọra lù ú. Susanna gbé e délé, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Tísà fi òbúkọ rà. A ṣì ń fi Tísà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ wá. Ká ní ó wà ni, á ti gba àpòòwé yẹn, á wò ó bóyá ọjọ́ inú òǹtẹ̀ rẹ̀ pé. Ó pé.